Ṣé Mo Lè Fi Ìbọn Rán Dírẹ́bà Lọ sí Ìwó?

Ìbéèrè: Agbẹjọ́rò wa, àgbẹ̀ ni mí ní abúlé kan lẹ́bàá Lálúpọn, ní Lágelú, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán, ṣakabùlà tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi kò sì dún mọ́. Àna mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ wà ní Ìwó, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo fẹ́ wé ìbọn náà sínú àpò, kí n fún dírẹ́bà bí ẹrù wébíìlì, kí àna mi sì fi rán an padà bó bá ti tún un ṣe. Àbúrò mi ní Texas ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn. Ọ̀ṣun ló ń bà mí lẹ́rù: ṣé òfin tiwọn yàtọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, ẹ̀gbọ́n mi. Ní ti Ọ̀ṣun, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìpínlẹ̀ kankan kì í ṣe òfin ìbọn tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin Ìbọn ti 1959 tó ń ṣiṣẹ́ ní Lálúpọn náà ló ń ṣiṣẹ́ ní Ìwó. Àbí títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun jáde, ṣebí inú Ọ̀yọ́ kan náà ni ìlú méjèèjì wà.

Dírẹ́bà yẹn gan-an ni ìṣòro. Orúkọ èèyàn ló máa ń wà lára ìwé àṣẹ ìbọn. Bí ọlọ́pàá bá tú àpò yẹn lójú ọ̀nà, ẹni tó bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú. Òfin ìdigunjalè àti ìbọn ti 1984 sọ pé ẹni tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí níkàáwọ́ rẹ̀ láìbófin mu yóò san 20,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kó gba méjèèjì pọ̀. Ọmọlọ́mọ tó kàn gba owó wébíìlì! Ẹ̀yin náà ò sì ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò yín ò purọ́. Òfin Amẹ́ríkà ti 1968 gbà kí èèyàn fi ìbọn rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣòwò ìbọn tó ní láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ mìíràn fún àtúnṣe, kí onítọ̀hún sì dá a padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó fi ránṣẹ́ sí àna tí kò ní láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ mìíràn? Wọn ò gbà á níbẹ̀ náà.

Èyí tó kàn mí jù ni ìbọn tí ẹ jogún. Ẹ lè jogún ìbọn, ẹ ò lè jogún ìwé àṣẹ. Òótọ́ ni pé ṣakabùlà tí à ń ki láti ẹnu wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀ nínú òfin, síbẹ̀ ó nílò ìwé. Ẹ fi ìbọn náà sílẹ̀ nílé, ẹ tì í pa, kí ẹ mú ìwé bàbá yín dání tó bá wà, kí agbẹjọ́rò sì bá yín lọ rí DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò yín. Òun ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe gbé ìbọn náà wá.

Alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin, nítorí náà ẹ bi àna yín bóyá ó ní àṣẹ. Bí ó bá ní, tí ìwé tiyín náà sì ti jáde, ẹ béèrè lọ́wọ́ DPO ìwé tí ẹ ó fi hàn lójú ọ̀nà, kí ẹ gbé ìbọn lọ fúnra yín láìsí ẹ̀tù nínú rẹ̀, kí ẹ sì jókòó ti àna yín títí yóò fi parí. Kó tó dìgbà náà, ẹ dẹ tàkúté fún ọ̀yà.

Bí àbúrò yín bá sì ní òun fẹ́ ki ọta tàbí ẹ̀yà ìbọn bọ inú ẹrù tó ń bọ̀ láti Texas, ẹ ní kó má dán an wò. Láìsí àṣẹ ìjọba àpapọ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ni yóò bá yín já ẹrù yẹn.