Àròkọ Aláàlàyé: Láti Orí Pápá Bọ́ Sí Ipò Mánẹ́jà

Bí wọ́n bá ní kí o kọ àròkọ lórí eléré ìdárayá tó di olórí ikọ̀, má ṣe jókòó ti kíka àwọn ife tó gbà. Ohun tí olùdánwò fẹ́ mọ̀ ni ohun tó yí padà lẹ́yìn tí ó bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Wo àpẹẹrẹ yìí nípa Martin Johnson:

“Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ní ìlú Sydney, Johnson ni balógun ikọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi àmì 20 sí 17 borí Ọsirélíà, tí wọ́n fi gba Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù rọ́gíbì. Géńdé ọkùnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2005 ó fi eré sílẹ̀ pátápátá. Ní 2008 wọ́n fi í ṣe mánẹ́jà ikọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá níbikíbi rí.

“Balógun wà nínú eré. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi tún un ṣe, àwọn yòókù yóò sì tẹ̀ lé e. Mánẹ́jà ńkọ́? Ó ti yan ènìyàn 15 kí fèrè tó dún. Láti ìgbà náà, wíwò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì ní láti fi ojú àánú sẹ́yìn. Jonny Wilkinson, tó gbá bọ́ọ̀lù tó fún wọn ní ife ní 2003, orí bẹ́ǹṣì ni Johnson ń fi í sí nígbà tí wọ́n gba ìdíje Orílẹ̀-èdè Mẹ́fà ní 2011. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ní New Zealand, Faransé fi 19 sí 12 lé wọn kúrò nínú Ife Àgbáyé nígbà tó ku ikọ̀ 8. Ìwà àwọn ọmọ ikọ̀ lóde ọtí pàápàá ti kún inú ìwé ìròyìn. Ní oṣù Kọkànlá, Johnson kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.”

Ṣé o rí i pé òǹkọ̀wé kò fi àyè ṣòfò lórí òfin rọ́gíbì? Ìpínrọ̀ kejì ló gbé àròkọ náà ró, nítorí ibẹ̀ ló ti fi iṣẹ́ méjèèjì wé ara wọn. Kò sì pe Johnson ní ọ̀lẹ. Ó sọ èyí tó ṣe dáadáa.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Stuart Lancaster, tó gba ipò lẹ́yìn Johnson, kò gbá bọ́ọ̀lù fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ní 2015, nílé wọn níbẹ̀, ikọ̀ rẹ̀ kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú Ife Àgbáyé. Ǹjẹ́ ó pọn dandan kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti jẹ́ gbajúmọ̀ eléré? Kọ ojú ìwé méjì.