Aáyù, Àlùbọ́sà àti Mọ́sálásí

Àwọn kan ń bi wá léèrè bóyá èèwọ̀ ni aáyù. Rárá o. Ní Khaybar, ọdún 7 Hijira (628), ebi mú kí àwọn sàábè jẹ aáyù ní àjẹyó, wọ́n sì wọ mọ́sálásí. Ànọ́bì (SAW) ní kí ẹni tó bá jẹ ẹ́ má ṣe sún mọ́ mọ́sálásí. Nígbà tí àwọn ènìyàn pariwo pé ó ti di haraamu, ó là á yé wọn pé òun kò lè fi ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní halaali ṣe èèwọ̀. Òórùn rẹ̀ ni òun kò fẹ́.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, èjìká kan èjìká ni a ń kírun Jímọ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ aáyù kí ó lè sá fún Jímọ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Sáyídínà Umar ní kí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ fi sísè pa òórùn rẹ̀. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ tó jinná kì í yọni lẹ́nu; èyí tí a gé ní tútù sórí sùyà ni kí a ṣọ́ra fún. Ẹ fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, kí ẹ sì fọ ahọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òórùn aáyù ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ń bá èémí jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí; orín nìkan kò tó. Wàrà tí a bá mu mọ́ oúnjẹ náà a máa dín in kù. Súìtì kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí aáyù tútù bá wù, kí ó dúró di ìgbà tí a bá kírun Ìṣáì tán.