Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Nínú Ìpara Títà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Ghana, Nàìjíríà, Benin àti Togo, àwọn kan nínú yín tí ń gbé ní Dichemso, ní ìlú Kumasi, ti bi mí ní ìbéèrè kan. Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn fi owó ilé-ìwé rẹ̀ ra ìpara àti ọṣẹ ìtọ́jú awọ ara láti máa tà, kí ó sì máa mú àwọn ẹlòmíràn wọ inú òwò náà, kí ó lè ní ìpín nínú ọjà tí wọ́n bá rà? Òwò onípele ni a lè pè é. Nítorí pé owó ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ìṣirò ni n ó fi dáhùn.

Ọṣẹ títà kì í ṣe ohun titun ní Kumasi. Alata samina ni àwọn Akan ń pe ọṣẹ dúdú. Samina ni ọṣẹ. Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ará Nàìjíríà, pàápàá àwa Yorùbá. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Ghana, àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ ní ọjà ìlú náà. Ìyá ọlọ́jà a gbé ọjà fún alágbàtà, alágbàtà a sì pín in fún àwọn tí ń kiri. Olúkúlùkù a fi èrè tirẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ọṣẹ láti fi wẹ̀ ni orísun èrè gbogbo wọn.

Ibi tí òwò onípele ti lè yà kúrò lọ́nà nìyí. Ní Amẹ́ríkà, Glenn Turner dá ilé-iṣẹ́ Koscot sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ìpara ni wọ́n ní àwọn ń tà, ṣùgbọ́n ènìyàn lè san tó 5,000 dọ́là láti fi gba ipò, kí ó sì máa jẹ nínú owó àwọn tí ó bá mú wọlé. Ní ọdún 1975, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ìṣòwò níbẹ̀ dá a lẹ́bi. Ohun tí ìdájọ́ náà kọ́ wa ni pé bí èrè bá ti ọwọ́ mímú ènìyàn wọlé wá, tí kò ti ọwọ́ ọjà tí a tà fún ẹni tí yóò lò ó wá, ẹ̀tàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbà, fún àpẹẹrẹ, pé ọmọbìnrin kan ní Dichemso ra ìgò ìpara 12 ní 600 sídì. 50 sídì ni ìgò kan. 65 ni ó ń tà á. Bí ó bá tà á tán, èrè rẹ̀ jẹ́ 180. Bí ó bá ná 80 lórí ọkọ̀ àti tẹlifóònù, 100 ni ó kù. Bí ó bá jẹ́ 7 péré ni ó tà ńkọ́? 455 yóò wọlé. Bí a bá yọ 80 kúrò, 375 ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. 225 nínú ojú owó rẹ̀ ti há sínú ìgò 5 tí kò tà. Èrè ni obìnrin ń jẹ lábọ̀ ọjà. Òun kò tíì jẹ ẹ́. Bí òfin òwò náà bá tún ní kí ó ra 600 mìíràn ní oṣù kejì kí ipò rẹ̀ má baà bọ́, òun fúnra rẹ̀ ti di oníbàárà wọn.

Wọn yóò wí fún un pé kí ó mú ènìyàn 6 wá, kí olúkúlùkù wọn sì mú 6 wá. Ìpele kìíní jẹ́ 6, ìkejì 36, ìkẹta 216. Ìkẹwàá yóò jẹ́ 60,466,176, bẹ́ẹ̀ ni ètò ìkànìyàn ọdún 2021 kò rí ju nǹkan bí 30,800,000 ènìyàn lọ ní gbogbo Ghana. Ibi yòówù kí ìpele náà dúró sí, nínú ènìyàn 6 tí ó wà nínú rẹ̀, ó kéré tán 5 kò ní ẹnikẹ́ni lábẹ́ wọn. Nígbà tí a bá ń pe irú wọn ní ọ̀lẹ, ẹ rántí ìṣirò yìí.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta ìpara. Ṣùgbọ́n kí ó tó san owó, kí ó béèrè ohun mẹ́ta. Bí kò bá mú ẹnikẹ́ni wọlé, ṣé ọjà nìkan lè mú èrè wá? Bí ọjà kò bá tà, ṣé wọn yóò gbà á padà, èló ni wọn yóò sì dá padà? Ṣé àjọ FDA ní Ghana, tàbí NAFDAC ní Nàìjíríà, ti forúkọ ìpara náà sílẹ̀? Awọ ara ọmọnìkejì kì í ṣe ohun tí a fi ń dán ọjà wò.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Bí olúkúlùkù bá mú ènìyàn 5 wá, mélòó ni yóò wà ní ìpele kẹrin?
2. Bí ọmọbìnrin náà bá ta ìgò 9, èló ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó? Èló nínú ojú owó rẹ̀ ni kò tíì padà?
3. Ẹ bi ìyá ọlọ́jà kan ní àdúgbò yín bí ó ti ń mọ̀ pé òun jèrè. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.