Kí O Tó Gba Orúkọ Ara Ìwé Gbọ́

Àbúrò mi, o ní o rí ìwé kan rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, o sì fẹ́ kọ nípa ẹni tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Má tíì kọ nǹkan kan. Jẹ́ kí n sọ ti Sẹ̀gilọlá fún ọ ná.

Ní 1929, lẹ́tà obìnrin kan ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni òun, òun ti fi ẹwà ṣe fàájì káyé, àìsàn ti wá dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́. Orúkọ àdúgbò Èkó àti orin tí gbogbo ìlú mọ̀ kún inú lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé obìnrin náà wà láàyè, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Àṣé Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó di ìwé.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi jẹ́ kí ìtàn tó dùn bí òótọ́ mú mi gba orúkọ gbọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wádìí ni ọwọ́ tí iṣẹ́ náà gbà jáde. Ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, kí o wo ọdún, ìlú àti ilé ìtẹ̀wé. Nọ́ńbà ISBN tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, Nàìjíríà ni wọ́n ti gbà á. ISBN kò tíì sí láyé ìwé Thomas, nítorí náà má torí àìsí rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́.

Lẹ́yìn náà, wá iṣẹ́ mìíràn tó ní orúkọ yẹn lára, kí o kà wọ́n pọ̀: ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe ń kọ àmì. Ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé ìròyìn àtijọ́. Pẹ́ńsù ni kí o mú dání o, má mú bírò.

Tó bá jẹ́ obìnrin, rọra ṣe. Ó lè jẹ́ orúkọ ọkọ ló fi kọ ọ́, kí ará ilé rẹ̀ má sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ìlú àti agboolé ni kí o fi bèèrè. Màmá àgbà kan lè má gbọ́ orúkọ ara ìwé rí, ṣùgbọ́n tí o bá ní ọmọ lágbájá tó ń ṣe tíṣà, á ní, "Àà, ọmọ wa ni!"