Ohun tí Imú Ń Gbọ́ Lójú Ọ̀nà

Ṣakí,
oṣù Èrèlé.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ó dùn mọ́ mi nínú pé o ti ríbi fìdí kalẹ̀ sí n'Ìbàdàn. Bàbá rẹ sọ fún mi pé ọ̀kadà ló ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló ń gbé ọ bọ̀, àti pé o ní eruku àti ariwo nìkan lo mọ̀ nílùú náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára.

Ní Sátidé, kí oòrùn tó mú, wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí o lọ rìn nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Igi pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí o yàn, kí o máa pààrà rẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọ̀nà yóò rí igi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn tanná.

Yọ wáyà orin kúrò létí. Gbígbọ́ là ń gbọ́ òórùn ní èdè wa, ohun tí a bá sì fẹ́ gbọ́, à á dákẹ́ fún un.

Lásìkò yìí, wá dóńgóyárò lọ. Igi tí ewé rẹ̀ korò tó bẹ́ẹ̀, tí ìyá mi ń sè fún wa mu nígbà ibà, òdòdó rẹ̀ funfun wínníwínní, ó sì ń ta sánsán bí oyin. Níbi tí mo wà níhìn-ín, igi òrí ló ń tanná. Oyin bò ó, o lè gbọ́ ìró wọn kí o tó dé ìdí rẹ̀. Bí òjò kan méjì bá ti rọ̀, ó di ti igi ọsàn. Dúró pẹ́ níbẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1964, onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Isabel Joy Bear àti Richard Thomas, fún òórùn tí ilẹ̀ gbígbẹ ń gbé jáde bí ó bá rọ̀ lórúkọ: petrichor. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú ilẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń pèsè èròjà kan tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀kán òjò bá ti bà lé ilẹ̀ gbígbẹ, á ta á sókè sí wa nímú. Tó bá di Òkúdù tí ilẹ̀ ti rin gbingbin, wàá wá a tì.

Ní Bélú sí Ọ̀pẹ, Akíntọ́lá-tàkú á tanná lẹ́bàá ọ̀nà. Láti Amẹ́ríkà ni koríko yẹn ti wá, ó sì kọ̀ kò lọ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi orúkọ Akíntọ́lá, olóṣèlú tó takú pé òun kò ní kúrò nípò, pè é. Fi ìka ra ewé rẹ̀, wàá rántí ojú ọgbẹ́ tí mo fún un sí nígbà tí o wà ní kékeré. Àmọ́ ìgbà yẹn náà ni wẹ̀rẹ̀pẹ̀ ń gbẹ. Má fara kàn án, má sì tọ́ èso tí o kò mọ̀ wò.

Mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òórùn yìí nítorí ohun tójú mi rí. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, imú mi dí pátápátá sí òórùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọbẹ̀ dà bí omi gbígbóná lẹ́nu mi. Láràárọ̀ ni mò ń já ewé efinrin lẹ́yìnkùlé, tí mò ń fà á símú: òfo. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó wọlé fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń pe èèyàn láti òkèèrè. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Igi tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀, mú ewé kan péré lọ bá àwọn ìyá eléwé-ọmọ lọ́jà. Kí wọn dáadáa, wọn á sọ fún ọ.

Irúgbìn efinrin ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo dì sínú ìwé yìí. Wọ́n ọn sínú ike níwájú fèrèsé rẹ. Ọ̀dọ̀ yín ni òjò máa ń kọ́kọ́ dé kó tó gòkè wá bá wa. Lọ́jọ́ tó bá rọ̀, pè mí kí ilẹ̀ tó fà á mu tán.

Bàbá rẹ àgbà