Bí A Ṣe Ń Wo Fíìmù Àtijọ́, Tí A sì Ń Ká A Padà Láì Bà Á Jẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò jẹ mọ́ ẹ̀yáwó tàbí ìwé ìṣirò. Ohun tó fà á ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mélòó kan ti bi wá léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí fíìmù tí wọ́n bá nínú àpótí òbí wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń wá ẹ̀rọ sinimá tòkunbọ̀ kiri láti fi wò ó. A ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná.

Àwọn àgbà inú wa mọ sinimá. Ìjọba òyìnbó dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, mọ́tò sinimá sì ń kiri ìlú àti abúlé, wọ́n á ta aṣọ funfun, tọmọdé tàgbà á péjọ. Nígbà tó yá, àwọn òṣèré wa gbé tiwọn dé: Àjàní Ògún ní 1976, Aiyé ti Olóyè Hubert Ògúndé ní 1979, Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá ní 1982. Ṣùgbọ́n fíìmù inú àpótí ilé yàtọ̀. Fíìmù tó bá ní nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n lè tẹ òmíràn láti ara rẹ̀. Fíìmù tí ẹnì kan fi kámẹ́rà kékeré yà níbi ìgbéyàwó tàbí ìkómọ, èyí tó wà nínú kámẹ́rà gan-an náà ni wọ́n sábà máa ń fọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń wò. Kò ní ìkejì. Bó bá ya, ó ya nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí agolo rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń ta sánsán bí ọtí kíkan, tàbí bí omi ògì tó ti pẹ́ nílẹ̀, fíìmù náà ti ń jẹra láti inú wá. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Bó bá ti súnkì, tó rí wégewège, tàbí tó ń ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ irú èyí tó jẹ́. Mílímítà 16 dé ní 1923, mílímítà 8 ní 1932, Super 8 ní 1965. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí fẹ̀ bákan náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú. Ihò ẹ̀gbẹ́ ti 1932 tóbi, ó sì wà ní àárín àwòrán kan sí èkejì. Ti Super 8 kéré, ẹ̀gbẹ́ àwòrán fúnra rẹ̀ ló wà. Ẹ̀rọ ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì, àfi èyí tí wọ́n ṣe fún méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó má wo dídán rẹ̀. Kó wo ibi tí wọ́n kọ fóltì sí. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, 110 tàbí 120 ni. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa láìsí transfọ́mà, gílóòbù rẹ̀ á jó kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ fọwọ́ kan rọ́bà tó ń yí ríìlì: òmíràn ti gan, òmíràn ti yọ́ bí ọ̀dà. Ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta gílóòbù kí ẹ tó dúnàá-dúrà lórí ẹ̀rọ. Fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò nílò mọ́ ni kí ẹ fi dán an wò.

Ojú kan wà níwájú gílóòbù tí fíìmù ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni eruku ń kó sí, ẹ sì mọ ọyẹ́ Òkè-Ògùn, kò sí ibi tí kì í wọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ibẹ̀ kí fíìmù kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Eyọ yanrìn kan tó bá há síbẹ̀ lè fa ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin rẹ̀.

Lókè àti nísàlẹ̀ ojú yìí, fíìmù gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, kó má fà le. Ìdí ni pé ríìlì ń yí láìdúró, ṣùgbọ́n níwájú gílóòbù, fíìmù ń dúró, ó tún ń fò: ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún mílímítà 16 tó ní ohùn, ìgbà 16 tàbí 18 fún àwọn kékeré. Láìsí ìtẹ̀ yẹn, ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ ń dún ta-ta-ta, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sì dá fíìmù dúró níwájú gílóòbù gbígbóná. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé fíìmù bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ. Nígbà tí bàbá yọjú, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé pariwo pé kí wọ́n dá a dúró kí àwọn wo ojú bàbá dáadáa. Wọ́n dá a dúró. Ojú bàbá náà ni iná jó, ó wú, ó dúdú, ó lu. Kò sì sí ibòmíràn tí bàbá ti rẹ́rìn-ín nínú fíìmù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti kíká padà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ti tán. Nígbà tí ẹ bá wò ó tán, ìdí fíìmù ló wà lóde, orí rẹ̀ wà nínú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó ká a padà kíákíá. Fún fíìmù tó ti pé 40 tàbí 50 ọdún, àwa kò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ká a, lórí tábìlì tí ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sí. Etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dì mú, kí ẹ má fọwọ́ kan ojú àwòrán. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń ká òwú mọ bó ṣe yẹ kó rí: kò gbọdọ̀ le jù, kò gbọdọ̀ dẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yara ní ibì kan kó falẹ̀ níbòmíràn. Bó bá dẹ̀, ẹ má fa ìdí rẹ̀ kó lè fún. Eruku tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì ni yóò máa ha ara wọn. Ẹ tú u, kí ẹ tún un ká. Bí ẹ bá kan ibi tó ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ jáde, á lẹ̀ mọ́ ìpele kejì. Téèpù tirẹ̀ wà. Kíká yìí kì í pẹ́ púpọ̀: Super 8 ẹsẹ̀ bàtà 50, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 péré ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ yẹ kó wò ó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dà á sínú kọ̀ǹpútà fún yín. Èyí tí wọ́n dà sínú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ máa wò níbi ọdún. Ẹ má torí rẹ̀ sọ fíìmù fúnra rẹ̀ nù. Shaihu Umar, fíìmù Háúsá tí wọ́n ṣe ní 1976, wọ́n ti rò pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó rí i níbi ìpamọ́ fíìmù ní Jos. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Ohun tó wà nínú agolo ni wọ́n rí tún ṣe.

Abẹ́ òrùlé páànù kọ́ ni ibi ìpamọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sí yàrá tó tutù jù lọ nínú ilé, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Ẹ kọ ọdún, ìlú àti orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sára agolo, nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé láti sọ fún yín. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ kí a jọ gbóòórùn rẹ̀, kí a jọ wo irú èyí tó jẹ́. Ẹ gbé e wá bó ṣe wà. Ẹ má tú u lójú ọ̀nà, ẹ má sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà nínú oòrùn ọ̀sán.