Àdàlù Inú Irin: Bí Wọ́n Ṣe Ń Se Irin Páìpù Kó Lè Le, Kó sì Lè Tẹ̀

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí irin tí wọ́n fi ń ṣe páìpù gáàsì àti epo rọ̀bì. Ẹ lè kà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ètò náà, kí ẹ rí bí a ṣe ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun inú rẹ̀.

Kí ló kàn mí nínú irin páìpù? Plainfield ni mò ń gbé, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Chicago, agbègbè wa yìí sì jẹ́ oríta páìpù. Ìtòsí wa níbí, lápá Channahon, ni páìpù Alliance parí sí. Láti ọdún 2000 ló ti ń gbé gáàsì wá láti ìwọ̀ oòrùn Kánádà, ìrìn nǹkan bí 3,000 kìlómítà. Abẹ́ oko àgbàdo àti ẹ̀bá títì ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá.

Iṣẹ́ méjì ni irin páìpù gbọ́dọ̀ ṣe, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ le, torí gáàsì inú rẹ̀ ń fi agbára tì í síta tọ̀sán tòru. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ lè tẹ̀, torí ilẹ̀ kì í dúró sójú kan: a máa rì, a máa yẹ̀, a máa mì. Irin tó bá le nìkan lè fọ́ bí àwo. Èyí tó bá sì rọ̀ nìkan, gáàsì á wú u títí á fi bẹ́.

Kí ni ká ṣe? Àdàlù ni! Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹ̀wà rọ̀, àgbàdo le díẹ̀, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n wà. Tí wọ́n bá dán ojú irin yìí, tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò ó, hóró oríṣi méjì ni wọ́n máa rí. Èyí tó rọ̀ ń jẹ́ ferrite. Èyí tó le ń jẹ́ bainite tàbí martensite. Bí ilẹ̀ bá ti páìpù, ferrite ló kọ́kọ́ ń fà. Bó ṣe ń fà ló ń le sí i, torí hóró líle yí i ká. Nípa bẹ́ẹ̀, ìnira náà á pín káàkiri ara páìpù, kò ní kó jọ sójú kan kó wá já níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé rèé: èròjà nìkan kọ́ ló ń ṣe é, bí wọ́n ṣe sè é ni. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kéré gan-an, ó lè má ju 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sè é:

1. Ìléru. Wọ́n á yan irin náà dé nǹkan bí 1,150 dígírì Celsius. Gbogbo rẹ̀ á di oríṣi kan ṣoṣo, austenite. Tó bá pẹ́ jù nínú iná, hóró rẹ̀ á tóbi jù.

2. Ìtẹ̀. Rọ́là ńlá á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Nígbà tó bá ti tutù díẹ̀, hóró tí wọ́n bá tẹ̀ ò ní lè padà sí bó ṣe wà mọ́, hóró wínníwínní ló sì máa tinú rẹ̀ jáde. E. O. Hall (1951) àti N. J. Petch (1953) ló fi hàn wá pé bí hóró bá ṣe kéré tó ni irin á ṣe lágbára tó.

3. Ìdúró. Wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i díẹ̀, kí ferrite bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ferrite ò gba kábọ́ọ̀nù púpọ̀, ó máa ń tì í sínú austenite tó kù. Bí wọ́n bá dúró pẹ́ jù, ferrite á pọ̀ jù, agbára á dín kù. Bí wọn ò bá dúró rárá, àdàlù ò sí nìyẹn.

4. Omi. Wọ́n á da omi bò ó lójijì, austenite tó kù á di bainite. Bí omi bá tún yára sí i, tí irin sì tutù gan-an, ó lè di martensite, èyí tó le jù. Alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí: ṣebí ó máa ń ti ẹnu àdá tó pọ́n bọ omi? Ní 1980, ilé iṣẹ́ NKK ní Fukuyama, Japan, gbé ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n omi yìí kalẹ̀ lẹ́yìn rọ́là.

Iṣẹ́ ò tíì parí o. Wọ́n á ká irin náà, wọ́n á jó etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n á tún yan páìpù ní 200 dígírì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ohun tí wọ́n fi bò ó nítorí ìpẹtà lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ooru yìí lè mú kí irin náà tún le sí i, kó má lè fà dáadáa mọ́. Ó dà bí ọbẹ̀ tó ti dùn tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan wá bu iyọ̀ sí nígbà tí wọ́n fẹ́ bù ú.

Ìdí nìyí tí orúkọ nìkan ò fi tó. X70 túmọ̀ sí pé irin náà lè gba 70,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì kan níbùú, ínṣì kan lóròó, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà láìpadà. Nọ́ńbà yẹn sọ agbára, kò sọ bí wọ́n ṣe sè é. Páìpù méjì lè jẹ́ X70, kí ọ̀kan jẹ́ àdàlù, kí èkejì má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé irin tó dára ò lè ní ìṣòro. Ní Romeoville, ìlú tó múlé gbe wa, páìpù epo rọ̀bì kan jò ní oṣù Kẹsàn-án 2010. Páìpù omi kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ lu, omi sì ń tú lù ú títí ó fi dá a lu. Nílé náà, páìpù gáàsì Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gùn tó 678 kìlómítà, láti Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gba Badagry wọ abẹ́ òkun lọ sí Cotonou, Lomé, Tema àti Takoradi. Ní 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan bà á jẹ́ nítòsí Lomé, Ghana ò sì rí gáàsì gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó se irin dáadáa ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tuntun
Ìléru: ibi iná ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ irin tàbí tí wọ́n ti ń yan án.
Ìpẹtà: ohun pípọ́n tó ń jẹ irin tí omi àti afẹ́fẹ́ bá bá a.
Ìdákọ̀ró: irin wúwo tí wọ́n ń jù sómi kí ọkọ̀ má baà sún kúrò.

Ìbéèrè
Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ kẹta? Ẹ fi gbólóhùn méjì dáhùn, kí ẹ sì kà á sókè fún ẹnì kan nílé.

Ó dìgbà kan ná o.